Àwọn Ẹ̀dà Tí Ó Bọ́: Ìtàn Díẹ̀ nínú Àwọn Fíìmù Adẹ́rùbani

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni kì í ka fíìmù adẹ́rùbani sí nǹkan gidi. Bí ọ̀rọ̀ sinimá bá délẹ̀, wọn a máa dárúkọ eré ogun, eré ìfẹ́ àti eré tí ó dá lórí ìgbésí ayé àwọn ọba. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá mẹ́nu ba eré tí òkú ti ń dìde, tàbí èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fi irin mọ ènìyàn, wọn a ní ti ọmọdé ni. Èmi kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, kò yẹ kí á fi ojú tín-ín-rín wo iwin àti ẹbọra kìkì nítorí pé orí aṣọ funfun ni wọ́n ti ń jó.

Irú eré méjì ni mo kó pọ̀ sínú àròkọ yìí: èyí tí ó ń fi òkú, iwin tàbí àjẹ́ dẹ́rù bani, àti èyí tí ó ń ronú sí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè bí lọ́la. Wọ́n wọnú ara wọn ju bí àwọn tí ń pín nǹkan sí ìsọ̀rí ṣe fẹ́ lọ. Èmi yóò tọ́ka sí díẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí òǹkàwé wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn wọn nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ti parun. Ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún òmíràn. Àwọn tí ó ni òmíràn gan-an ni wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí a bá sì wádìí ohun tí ó mú kí wọ́n yè, a ó rí i pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀dà kan ni ó bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tí ó sì lọ fara pamọ́ sí ibi tí ojú kò tó. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé yóò ti rí i kí n tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Nosferatu, fíìmù aláìlóhùn tí F. W. Murnau darí ní ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Berlin. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Prana-Film ni ó gbé e jáde. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Dracula, ìwé tí Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, kọ ní ọdún 1897: ìjòyè kan tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́ ń gbé inú ilé olódi lórí òkè; inú pósí ni ó ń sùn, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó sì ń mu; ó ra ilé sí ìlú ńlá kan lókèèrè, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, ikú sì bá a wọ ìlú. Prana-Film kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó lo ìtàn yìí. Wọ́n kàn yí orúkọ padà ni: Dracula di Orlok, London di ìlú kan ní Jámánì. Síbẹ̀ wọ́n tún kọ ọ́ sí iwájú fíìmù náà pé inú ìwé Stoker ni àwọn ti mú un. Bí ẹni tí ó jí ewúrẹ́, tí ó kùn ún ní ọ̀dà, tí ó sì tún so orúkọ olówó mọ́ ọn lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ wọn rí.

Stoker ti kú ní ọdún 1912. Florence, opó rẹ̀, ni ó ń jẹ owó ìwé náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní orísun mìíràn tí ó pọ̀. Nígbà tí ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Berlin dé etí rẹ̀, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní London, ẹgbẹ́ náà sì bá a gbé ẹjọ́ dìde. Ṣùgbọ́n Prana-Film ti wọko gbèsè ní ọdún 1922 yẹn kan náà. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́wọ́ wọn. Bí owó kò ti sí, obìnrin náà béèrè ohun mìíràn: kí wọ́n pa fíìmù náà run. Ní oṣù Keje ọdún 1925, ilé-ẹjọ́ ní Berlin pàṣẹ pé kí wọ́n run fíìmù ìpilẹ̀ àti gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ láti ara rẹ̀.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣe sùúrù níhìn-ín, kí ó má ṣe yára bínú sí opó yìí. Ó jàre. Ohun ìní ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jí, òun ni ó sì ń fi ohun ìní náà jẹun. Ká ní ìyá tiwa ni, tí ẹnìkan sì ń fi ìwé bàbá wa pawó láìfún ìyá ní kọ́bọ̀, gbogbo ẹbí ni yóò gbè é lẹ́yìn. Ìdájọ́ náà bá òfin mu, ó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Ohun tí ó ṣòro láti gbé mì ni pé, bí wọ́n bá ti mú ìdájọ́ tí ó tọ́ yẹn ṣẹ títí dé ẹ̀dà tí ó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ga jù lọ nínú ìtàn sinimá ìbá ti di eérú. Àwọn ẹ̀dà kan ti rékọjá ẹnu ibodè kí ìdájọ́ tó dé. Wọ́n wà ní Faransé, wọ́n yọjú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí Florence ti tún lé wọn kiri, wọ́n sì dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi í hàn ní ọdún 1929. Obìnrin náà kú ní ọdún 1937 láìrí òpin wọn.

Ẹ wo ohun tí ayé ìbá sì pàdánù. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ kékeré pé kí ni ó ń pa òkú amùjẹ̀, yóò ní oòrùn ni. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Stoker; Dracula inú ìwé a máa rìn ní ọ̀sán ní ìgboro London, agbára rẹ̀ nìkan ni ó ń dín kù. Murnau àti Henrik Galeen, ẹni tí ó kọ eré náà, ni wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ pa Orlok. Inú fíìmù tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n sun ni gbogbo ayé ti kọ́ ohun tí wọ́n rò pé àtayébáyé ni. Max Schreck tí ó ṣe Orlok kò rẹwà bí àwọn tí ó tẹ̀ lé e: orí rẹ̀ pá, eyín iwájú rẹ̀ dà bí ti eku, èékánná rẹ̀ sì gùn bí ẹ̀gún.

Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tí yóò bá wò ó. Ní ayé ìgbà náà, ó ṣòro láti ya àwòrán ní òru. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ya á, wọn a sì wá pa fíìmù náà láró kí òǹwòran lè mọ̀ pé òru ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò ní aró yìí, ìdí sì nìyí tí Orlok fi ń gbé pósí rẹ̀ kiri ìgboro ní ojú ọ̀sán gangan, tí ẹni tí kò mọ̀ a fi máa béèrè pé, ṣé kì í ṣe oòrùn náà ni ó ń bọ̀ wá pa á ni? Ẹ wá èyí tí wọ́n ti dá aró rẹ̀ padà.

Universal ní Amẹ́ríkà ra àṣẹ ìwé náà bí ó ti yẹ, wọ́n sì gbé Dracula jáde ní ọdún 1931, pẹ̀lú Bela Lugosi. Fíìmù náà lókìkí, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí àwọn òṣèré elédè Gẹ̀ẹ́sì bá ti lọ sùn, àwọn elédè Sípáníìṣì a wọlé ní òru sí ibi kan náà, wọn a sì máa ya tiwọn lábẹ́ ìdarí George Melford. Wọ́n yá mọ́ra ju àwọn ti ọ̀sán lọ, ìbẹ̀rù inú tiwọn sì jinlẹ̀. Apá kan nínú fíìmù òru yìí jẹrà ní Amẹ́ríkà. Havana ní Kúbà ni wọ́n ti rí ẹ̀dà tí wọ́n fi dí àlàfo náà.

Ní ọdún 1931 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ yìí gbé Frankenstein jáde, tí James Whale darí, tí Boris Karloff sì ṣe abàmì ẹ̀dá tí dókítà fi ẹ̀yà òkú mọ. Níbi tí ẹ̀dá yìí ti pàdé ọmọdébìnrin kan létí odò, àwọn méjèèjì ń ju òdòdó sínú omi, òdòdó sì ń léfòó. Nígbà tí òdòdó tán, ẹ̀dá náà, nínú àìmọ̀kan rẹ̀, gbé ọmọ náà jù sínú omi, ó rò pé òun náà yóò léfòó. Àwọn aláyẹ̀wò fíìmù ní kí wọ́n gé e. Wọ́n sì gé e ní ibi tí ó burú jù lọ: ẹ̀dá náà na ọwọ́ sí ọmọ, àwòrán sì já, nígbà tí a óò tún fi rí ọmọ náà, òkú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ gbé lọ́wọ́. Fún bí àádọ́ta ọdún ni àwọn òǹwòran fi ń fi èrò tiwọn dí àlàfo yẹn, èrò wọn sì burú ju ohun tí Whale yà lọ. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó dá a padà sí ipò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Sinimá kò gba òwe yìí. Ẹ̀rí èyí tí ó lágbára jù ni ti Metropolis, tí Fritz Lang darí, tí Thea von Harbou aya rẹ̀ kọ, tí ilé-iṣẹ́ UFA sì kọ́kọ́ fi hàn ní Berlin ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1927. Ó ná wọn ju mílíọ̀nù márùn-ún owó Jámánì lọ, yíyà rẹ̀ sì gba ju ọdún kan lọ. Ìlú ọjọ́ iwájú ni ó dá lé. Àwọn olówó ń gbé òkè nínú ilé tí ó kan ọ̀run, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ sin ẹ̀rọ bí ẹrú. Rotwang, onímọ̀ kan tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú, fi irin mọ obìnrin kan, ó sì gbé ojú ọmọbìnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn wọ̀ ọ́, kí ó lè tàn wọ́n jẹ. Gbogbo ìlú ọjọ́ iwájú tí a ti rí nínú fíìmù láti ìgbà náà ni ó jẹ ìlú yìí ní gbèsè.

Mítà 4,189 ni gígùn fíìmù náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ju wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ni ín fi bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Nínú ìtàn náà, ìdí tí Rotwang fi mọ obìnrin onírin ni pé ó ń ṣọ̀fọ̀ Hel, obìnrin tí òun àti olórí ìlú jọ fẹ́ràn, tí ó kú nígbà tí ó ń bí ọmọ fún olórí ìlú. Orúkọ yìí sún mọ́ orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀run àpáàdì, nítorí náà wọ́n yọ Hel kúrò pátápátá. Bí ọ̀fọ̀ ti kúrò, Rotwang di wèrè lásán tí ń mọ ère irin láìnídìí. UFA náà gé ti Jámánì. Nígbà tí ó fi máa di pé àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá odindi rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti sọnù. Èyí tí ó ṣẹ́ kù yìí ni UNESCO kọ sínú ìwé ìrántí ayé ní ọdún 2001, tòun ti àlàfo inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé e, oníṣòwò fíìmù kan ti gbé odindi ẹ̀dà kan lọ sí Ajẹntínà. Ẹ̀dà yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan tí ń kọ̀wé lórí sinimá, ó kúrò níbẹ̀ lọ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì parí ìrìn rẹ̀ ní ọdún 1992 nínú mùsíọ́mù sinimá ti ìlú Buenos Aires. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú agolo náà. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ni ó dùn mọ́ mi jù. Fernando Martín Peña, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn sinimá ní ilẹ̀ náà, gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà kan tí ó ti ń bójú tó ẹgbẹ́ awòfíìmù pé, nígbà kan tí wọ́n ń fi Metropolis hàn, òun ní láti fi ìka di fíìmù náà mú sára ẹ̀rọ kí àwòrán má baà gbọ̀n, ó sì lé ní wákàtí méjì tí òun fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá rẹ́rìn-ín, kí ó sì kí bàbá kú iṣẹ́. Peña ṣírò. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà kò pé wákàtí méjì. Kí ni ìka bàbá yìí ń wá lára ẹ̀rọ fún àkókò tí ó tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń wá ẹnu-ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ní ọdún 2008, nígbà tí Paula Félix-Didier ti di alákòóso mùsíọ́mù náà, àwọn méjèèjì ṣí agolo, wọ́n gbé fíìmù síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí láti bí ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀dà náà kò lẹ́wà. Fíìmù àtijọ́ a máa gbiná wìì bí ẹ̀tù, nítorí náà wọ́n ti dà á kọ sórí fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì da gbogbo ìhá inú rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2010, wọ́n fi èyí tí wọ́n tún ṣe hàn ní Berlin àti Frankfurt. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó padà wọlé, ọ̀rọ̀ Hel sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wò ó yóò mọ ibi tí ó ti Buenos Aires wá, nítorí pé ojú àwòrán ibẹ̀ kún fún ilà bí ẹni tí ó kọ gọ̀ǹbọ́. Àwọn kan ní ilà yìí ń dí àwọn lójú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń tipa rẹ̀ mọ ọmọ tí ó lọ sí àjò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olówó ń pa ọmọ rẹ̀ lára ṣá. Ní Jàpáànù, ilé-iṣẹ́ Toho gbé Gojira jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún 1954. Ishirō Honda ni ó darí rẹ̀, ìtàn ẹranko abàmì tí bọ́m̀bù jí láti ìsàlẹ̀ òkun tí ó sì wá tẹ Tokyo mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà dán bọ́m̀bù ńlá wò ní erékùṣù Bikini, tí eérú májèlé rẹ̀ dà lu apẹja mẹ́tàlélógún nínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Daigo Fukuryū Maru. Ọ̀kan nínú wọn, Aikichi Kuboyama, kú ní oṣù Kẹsàn-án. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn ará Jàpáànù fi wọ ilé sinimá, wọ́n sì rí ọkọ̀ ojú omi tí ìmọ́lẹ̀ mọ̀nà tí ó sì rì. Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, wọ́n fi Raymond Burr kún un gẹ́gẹ́ bí oníròyìn Amẹ́ríkà tí ń ròyìn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì yọ ohun tí ó lè dun Amẹ́ríkà. Obìnrin inú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń sọ pé òun yè bọ́ ní Nagasaki lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Toho pa ti ilé mọ́. Ní ọdún 2004 ni ti ilé yìí tó káàkiri àwọn gbọ̀ngàn sinimá Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ti ń fi Godzilla rẹ́rìn-ín láti kékeré sì rí i pé eré ọ̀fọ̀ ni.

Ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ olówó àti ẹ̀dà wà nínú Night of the Living Dead. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Pittsburgh, tí George A. Romero ṣáájú wọn, fi nǹkan bí 114,000 dọ́là ya á, wọ́n sì fi í hàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Òkú dìde, wọ́n ń jẹ ènìyàn. Àwọn méje há sínú ilé oko kan. Òkú yìí kì í ṣe akúdàáyà tiwa o. Akúdàáyà a máa lọ sí ìlú mìíràn, a fẹ́ ìyàwó, a ṣòwò, a bímọ, ohun tí ó sì ń dẹ́rù bani nípa rẹ̀ ni pé ó jọ wá. Òkú ti Romero kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì rántí ohunkóhun àfi ebi. Duane Jones, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe Ben, ẹni tí orí rẹ̀ pé jù nínú ilé náà, ìwé eré náà kò sì sọ àwọ̀ tí Ben yóò ní. Ben nìkan ni ó yè di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń ṣọdẹ òkú kiri rí i lójú fèrèsé, wọ́n sì yìnbọn lù ú lórí. Ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King ni fíìmù yìí jáde.

Orúkọ mìíràn ni fíìmù náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn tí yóò pín in fún ilé sinimá yí orúkọ padà, wọ́n gbàgbé láti tún kọ ìlà kékeré tí ń sọ ẹni tí ó ni ín. Òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà le: iṣẹ́ tí kò bá ní ìlà yẹn di ti gbogbo ayé. Bí ó ṣe di pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, kí ó tà á, kí ó fi í hàn lórí amóhùnmáwòrán láìsan kọ́bọ̀ nìyẹn. Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya ohun tí ó yí eré adẹ́rùbani padà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó rẹ̀ sì lọ sápò àwọn tí kò bá wọn gbé ẹ̀rọ. Àìlólówó yìí kan náà ni ó sì gbé e dé gbogbo ilé. Èmi kò mọ bí a ti í wọn àdánù yẹn àti èrè yìí lórí ìwọ̀n kan náà.

Duane Jones tún farahàn nínú Ganja & Hess ní ọdún 1973, fíìmù tí mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo eré amùjẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe. Àwọn olówó fẹ́ eré amùjẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí yóò pa owó wọlé kíákíá. Bill Gunn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ṣe eré kan tí ó rọra ń rìn, lórí ọkùnrin ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ọ̀bẹ ìgbàanì gún, tí òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ sì ń gbẹ láàárín ìsìn ìbílẹ̀ àti orin ìjọ Kristi. Inú bí àwọn olówó. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì ń tà á bí ẹran àjẹkù. Ẹ̀dà ti Gunn fúnra rẹ̀ yè nínú mùsíọ́mù Museum of Modern Art ní New York, láti ibẹ̀ ni ó sì ti padà wá sáyé. Gunn kú ní ọdún 1989.

Nísinsìnyí, kí á wá sílé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré adẹ́rùbani ní èdè Yorùbá, iwájú Hubert Ògúnǹdé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Aiyé jáde ní ọdún 1979, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1980, Àròpin N'tènìyàn ní 1982. Nínú Aiyé àti Jáiyésinmi, Ògúnǹdé fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, onímọ̀ Ifá tí ń bá ẹgbẹ́ àjẹ́ jà nítorí ìlú. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìbẹ̀rù inú eré wọ̀nyí àti ti Orlok. Orlok ń wọ ọkọ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Àjẹ́ inú Aiyé wà nínú ilé, ó ń bá ni jẹun nínú àwo kan náà. Ẹni tí ó bá ń wo Nosferatu mọ̀ pé ìtàn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé wo Aiyé kò kà á sí ìtàn.

Ṣùgbọ́n ibo ni òǹkàwé yóò ti rí i wò? Àwọn ọ̀gá tíátà wa kì í fi fíìmù wọn sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri láti ìlú dé ìlú náà ni wọ́n ṣe gbé fíìmù: wọn a gbé e sínú ọkọ̀, wọn a yá gbọ̀ngàn, wọn a dúró ti ẹ̀rọ títí eré yóò fi parí, wọn a sì kó o padà sínú agolo. Wọn kò ṣìwà hù. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, yá owó ńlá láti fi ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, eré ọkùnrin tí gbájú-ẹ̀ gba ohun ìní rẹ̀ tí ó sì bá ara rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì dúró lọ́rùn bàbá. Gbogbo ẹgbẹ́ tíátà rí i, wọ́n sì fi kọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà, ta ni yóò jẹ́ kí ẹ̀dà bọ́ lọ́wọ́ òun?

Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń fọ fíìmù wọ̀nyí, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń san án. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè tẹ ẹ̀dà tuntun; fídíò gba ipò, ó di eré àgbéléwò. Ògúnǹdé gbé Àyànmọ́ jáde ní 1988, ó sì kú ní London ní oṣù Kẹrin ọdún 1990. Ẹ̀dà tí kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí bá jà. Àwọn ará Ajẹntínà rí Metropolis nítorí pé ẹnìkan ta á fún ẹnìkan, ẹni náà sì fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìṣọ́ tí ó dáàbò bo owó Ògúnǹdé ni kò jẹ́ kí fíìmù rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà sá lọ. Bí ẹ bá gbọ́ níbikíbi pé wọ́n fẹ́ fi Aiyé hàn látorí fíìmù gidi, ẹ fi iṣẹ́ yòówù kí ó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ lọ.

Ìrètí kò pin. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu darí ní ọdún 1976, wà lára àwọn tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti sọnù. Ní ọdún 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ ní Jos, ilé Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní ọdún 2018. Agolo ni ó wà, ẹnìkan ni ó ṣí i.

Nítorí náà, bí agolo fíìmù bàbá ẹnikẹ́ni bá wà lókè àjà, kí ó má ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ láti dán an wò, nítorí pé fíìmù tí ó ti gbó a máa já. Kí ó ṣí ìdérí rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn kíkan bí ọtí kíkan, fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Kí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ó gbé e síbi tútù tí ó gbẹ, kí ó sì wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní kíákíá.